Kòtò Ara Ilẹ̀kùn Baba Òyìnbó

Òórùn bọ́dì-fílà, ìpara tí a fi ń dí ibi tó bá jìn lára ọkọ̀, kò jọ òórùn kankan láyé yìí. Bí o bá ti po oògùn tó ń mú un gan mọ́ ọn báyìí, á gba ihò imú ẹ lọ sí àtàrí tààrà, bí ọ̀dà èékánná àwọn obìnrin tí èèyàn dà sórí iná. Ìwọ náà ń ṣe iṣẹ́ panẹ́lìbítà, o mọ ohun tí mò ń wí. Inú òórùn yẹn ni mo dàgbà sí ní ṣọ́ọ̀bù baba mi ní Mùṣín, láàárín òkú ọkọ̀, ariwo òòlù àti èéfín àwọn tó ń jó irin, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí pé òórùn oúnjẹ mi ni. Àmọ́ láti ọdún tí baba òyìnbó kan ti wá bá mi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò lè pò ó mọ́ kí n má rántí ilẹ̀kùn kan. O ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí mo máa ń yí ọ̀rọ̀ dà bí wọ́n bá ti kí mi kú iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré Alhája. Jẹ́ n sọ ọ́ lónìí. Má kàn dá sí i títí n ó fi parí ẹ̀, torí ó ṣì ń bí mi nínú.

Alhája kan ní Súrùlérè, tó ní ọkọ̀ akérò púpọ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tó lè gba ọ̀nà tóóró inú àdúgbò kọjá, tó lè gbé àwọn ìyá tó bá ra ọjà l'Ọ̀yìngbò dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn pẹ̀lú ẹrù wọn, dípò kí wọ́n máa já wọn sílẹ̀ sí títì. Ọmọbìnrin Alhája kàwé ní ìlú òyìnbó, ibẹ̀ ló ti mọ baba yìí, tó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ tí baba fi gbogbo ayé wọn ṣe ni kí wọ́n máa ronú bí ọkọ̀ ṣe máa rí, kí wọ́n yà á, kí wọ́n mọ ọ́n, kí ilé iṣẹ́ ńlá tó rọ ọ́ rárá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ yẹn bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà láti wá. Ó wá ku ẹni tó máa fi ọwọ́ rọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà. Alhája béèrè káàkiri, gbogbo ẹnu ló pe èmi. Orí mi wú! Mo sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti fẹ́ gbé mi dé iwájú ọba. Ó ní, "Ọba wo? Ṣáà má jẹ́ kí ẹnu ẹ ba iṣẹ́ jẹ́." Àṣé kì í ṣe ẹnu ló máa bà á jẹ́.

Baba dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ sínú sáńdà, pẹ́ńsù kan sì wà lẹ́yìn etí wọn tí mi ò rí kó jábọ́ rí. Mo ti tọ́jú tábìlì fún ìwé àti rúlà. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Amọ̀ ni wọ́n béèrè. Amọ̀! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní kí wọ́n lọ bá wa rà á wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ ìkòkò òdòdó lẹ́bàá títì. Baba jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ìdáná gé e, wọ́n ń ta omi sí i, títí ọkọ̀ kan tó gùn tó apá mi fi jáde lórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi, ó rẹwà. Ohun tó wá jọ mí lójú ni pé bí wọ́n bá ti ṣe díẹ̀, wọ́n á di ojú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tí èmi àti ìwọ máa ń ṣe nìyẹn bí a bá ń wá ibi tí irin ò tíì tẹ́ dáadáa, tí ojú ò lè rí. Mo sọ nínú ara mi pé ará wa ni baba yìí.

Ìfẹ́ yẹn ò pẹ́ rárá. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe é, ojú mi rí màbo. Ilẹ̀kùn ńlá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà ní, ti ẹ̀gbẹ́ èrò, ilẹ̀kùn yẹn ló sì fẹ́ gbẹ̀mí mi. Baba kì í pariwo, wọn kì í bú èèyàn. Wọ́n á kàn fi ọwọ́ pa irin tí mo ti fi odidi ọjọ́ méjì lù, wọ́n á la ojú, wọ́n á ní, "Rárá. Tún un ṣe." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún! Mo ti ń na irin kí ọmọ Alhája tó wọ ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan wá ń sọ fún mi pé kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì ò jẹ́ kí n gbádùn. Á jókòó sórí táyà ẹ̀, á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé wọ́n ti dá yín padà sí ọmọ iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa ṣe fíríìdọ̀mù?" Mo bú u títí, ẹ̀rín ló ń rín.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà náà ni kòtò kan. Ní ara ilẹ̀kùn, láti iwájú dé ẹ̀yìn, baba ti jẹ́ kó jìn wọlé díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá fi apá tẹ ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Kò jìn ju ìbú ìka kan lọ. Mo bi wọ́n pé kí lèyí. Wọ́n ní, "Ìyẹn gan-an ni ọkọ̀ náà." Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Mo tún padà bi wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo ní bàbá, àwọn èèyàn máa rò pé wọ́n gbá ọkọ̀ yìí ni. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì mi ò tó ti ọmọ Alhája, àmọ́ mo gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Mo dákẹ́. Mo gbé irin lé àpò iyanrìn, mo ń fi òòlù onígi lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kí wọ́n tó sọ pé ó ti tó. Ọjọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, omi wà lójú wọn. Mo rò pé eruku ni.

A kan ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ̀, a fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú pa á, a tì í síta kí oòrùn gbẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni ìtìjú ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò dúró. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta ló gbá a?" "Háà, ọkọ̀ tí kò tíì rìn, wọ́n ti gbá a?" Ìyá kan tiẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù ú lọ rọ́pò. Panẹ́lìbítà kan láti àdúgbò kejì náà wá, ó wò ó yí ká, ó fi imú rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Tẹni yẹn ló dùn mí jù. Ìwọ náà rò ó wò: èmi tí mo ti gbé ọkọ̀ tó forí sọ òpó iná dìde, tí ẹni tó ni ín ò fi dá a mọ̀ mọ́, kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ onílẹ̀kùn jíjìn síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n ní èmi ni mo ṣe é! Mi ò lè dúró sójú ọ̀nà kí n máa ṣàlàyé fún gbogbo Mùṣín. Mi ò tiẹ̀ ní àlàyé kankan tí mo lè ṣe.

Alhája ti ní Mọ́ńdè làwọn máa wá wò ó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé e fún ilé iṣẹ́ tó máa rọ ọ́ lọ́pọ̀. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Túsìdé, baba máa wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Ó wá di Fúráìdé, ibà gbé baba dè. Wọ́n dùbúlẹ̀ sí ilé tí wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí ní Yábàá, wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn ń gbọ̀n. "Kùn ún nìkan," wọ́n wí. "Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn." Mo ní ó dáa bàbá, ẹ sinmi, ara á yá.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo dúró síwájú ilẹ̀kùn yẹn, èmi nìkan, mò ń rò ó. Mo ní baba ti dàgbà. Mo ní ara wọn ò yá, bóyá ojú wọn pàápàá ti ń ṣe bàìbàì. Mo ní àṣìṣe ni wọ́n ṣe sára amọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, agídí àgbà ni ò jẹ́ kí wọ́n lè jẹ́wọ́. Alhája máa dé, wọ́n á rí i, wọ́n á ní ṣé ohun tí a tìtorí ẹ̀ gbé yín wá láti ìlú òyìnbó rèé? Báwo ni wọ́n sì ṣe kọ́ èmi àti ìwọ nílé? Bí àgbà bá ṣe àṣìṣe, a kì í dúró bá wọn jiyàn lójú ayé. À ń bò wọ́n láṣìírí ni. A óò fi ọwọ́ ara wa tún un ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bíi pé bó ṣe wà láti ilẹ̀ nìyẹn, àgbà á rí i, wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì súre fún wa nínú ọkàn wọn. Bí mo ṣe bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín imú ọkùnrin yẹn létí. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, nígbà tí mo gbé òòlù, oore ni mo rò pé mò ń ṣe.

Mo fi irin wúwo tì í láti ìta, mo ń fi òòlù lù ú láti inú. Ohun tó gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá láti tẹ̀ wọlé, kò gbà mí tó wákàtí mẹ́ta láti gbé jáde. Mo po bọ́dì-fílà, mo fi dí ibi tó kù, mo fi sáńdípépà họ ọ́ títí ilẹ̀kùn fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń bá wa kun ọkọ̀ dé lọ́sàn-án, ó kùn ún ní búlúù. Nígbà tó gbẹ, o lè ka eyín ẹ nínú ẹ̀. Mo lọ sílé, mo jẹun, mo sùn fọnfọn.

Ní Mọ́ńdè, baba ṣáájú Alhája dé. Wọ́n wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, torí ibà ò tíì fi wọ́n sílẹ̀ tán. Wọ́n lọ síbi ilẹ̀kùn tààrà, wọ́n di ojú, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ wọn rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n dá a padà. Wọ́n tún mú un lọ. Mo dúró, mò ń retí kí wọ́n dúpẹ́, àní mo ti mọ ohun tí n ó fi dáhùn, n ó ní kò tọ́pẹ́, bàbá. Wọ́n la ojú, wọ́n wá jókòó sórí àpótí kan tó wà nílẹ̀.

"Níbo ló wà?" baba bi mí.

Mo ní, "Bàbá, mo ti bá yín tún un ṣe. Ó ti dáa báyìí."

Wọ́n yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí wọn, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. Ìgbésí ayé wọn ni wọ́n sọ fún mi, jẹ́jẹ́, láìwo ojú mi. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún làwọn nígbà tí àwọn wọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, pé ọwọ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn yà, ọwọ́ ilẹ̀kùn nìkan, fún ọdún mẹ́rin. Ó kan dígí ẹ̀gbẹ́, ó kan iná ẹ̀yìn, kó tó wá kan odidi ọkọ̀. Gbogbo odidi ọkọ̀ tí baba yà, wọ́n fi kòtò yẹn sára ilẹ̀kùn ẹ̀, bí ìdílé kan ṣe máa ń kọ ilà sójú ọmọ kí ayé lè mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Gbogbo ẹ̀ pátá sì ni àwọn ará ilé iṣẹ́ yọ kúrò nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ó ṣòro fún ẹ̀rọ, ó ń náni jù. Ó lé ní ogójì ọdún. Ọkọ̀ tí baba yà wà ní títì káàkiri ayé, kò sí ẹyọ kan tó ní i. Nígbà tí ọmọ Alhája wá sọ fún wọn pé ọkùnrin kan wà ní Mùṣín tó ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe, wọ́n di ẹrù wọn.

"Àwọn yẹn tiẹ̀ máa ń sọ fún mi kí wọ́n tó yọ ọ́," baba wí. "Ìwọ ò sọ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ó sì tún bí mi nínú. Má wò mí bẹ́ẹ̀, ó bí mi nínú! Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín! Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi! Ẹ kàn ní kí n fi sílẹ̀!" Mo pariwo mọ́ arúgbó tí ibà ń ṣe. Wọ́n mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dún gbàn-ún gbàn-ún bí agolo òfìfo. Wọ́n ní irin tí Alhája rà fẹ́lẹ́, pé kòtò yẹn ló ń mú un dúró ṣinṣin. Bí kò bá sí i, á máa gbọ̀n ni. Mo dúró bí òmùgọ̀. Ṣebí páànù orí ṣọ́ọ̀bù mi wà lókè níbẹ̀ tó ń wò mí! Kí ló fi lágbára, bí kì í ṣe gbágungbàgun tí wọ́n ṣe é? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ òòlù í gbá, gbogbo ohun tó bá ti jìn wọlé ni mo máa ń gbé jáde, mi ò bi ara mi rí bóyá ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Mo fa òòlù yọ, mo ní n ó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Baba di ọwọ́ mi mú. Wọ́n mọ̀, èmi náà sì mọ̀: irin tí wọ́n tẹ̀ wọlé, tí wọ́n tún nà jáde, agbára ẹ̀ ti tán. Bí mo bá tún lù ú, yíya ló máa ya. Ilẹ̀kùn tuntun á gba ọjọ́ mọ́kànlá, ọjọ́ kan péré ló kù fún baba. Ibi tí a ti ń fa òòlù mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni Alhája bá wa.

Wá gbọ́ ìyìn! Alhája yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn bí aṣọ olówó iyebíye. "Ẹ wo bó ṣe tẹ́! Ọ̀gá, ọwọ́ yín mọ́ o!" Baba fi pẹ́ńsù nà sí mi, wọ́n ní, "Òun ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Kì í ṣe èmi." Alhája rò pé wọ́n ń yìn mí ni, wọ́n tún kí mi. Mo ya ẹnu láti sọ òtítọ́, baba sì mi orí pé rárá. Mo pa ẹnu dé. Ṣé nítorí tiwọn ni mo ṣe pa á dé, àbí nítorí kí Alhája má bàa ní iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi? Títí dòní, mi ò mọ èyí tí n ó mú.

Baba lọ ní Túsìdé. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á béèrè ìyàwó mi, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ, wọ́n á ní ṣé òjò ń rọ̀. Wọn ò dárúkọ ilẹ̀kùn rí, èmi náà ò sì ní ẹnu tí mo lè fi dárúkọ ẹ̀. Ìwọ náà rí ọkọ̀ yẹn bó ṣe kún ìgboro, láti Costain dé Òtò, onílẹ̀kùn pẹrẹsẹ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ń gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan gbé tiẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ariwo ilẹ̀kùn yìí fẹ́ yà mí ní wèrè." Mo ní kó jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pé á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wò mí bíi pé mo ti mutí. "Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbá, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ gbá a?" Mo ṣàlàyé títí, mo nawọ́ sí páànù òkè, mo kan irin fún un kó gbọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ló ń jù sókè tó ń hán. Mo fi rọ́bà há ẹ̀yìn irin fún un, ó sì lọ. Kò ní pé oṣù kan tó máa tún padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá kí mi kú iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn, ohun tó ń ká mi lára nìyẹn. Nígbà náà, mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún baba nígbà tí mo dákẹ́. Ọ̀wọ̀ wo? Ọ̀wọ̀ tí kò jẹ́ kí n lè bi wọ́n ní ìbéèrè kan sí i lójú wọn, àmọ́ tó jẹ́ kí n lè gbé òòlù lé iṣẹ́ ogójì ọdún wọn lẹ́yìn wọn.